Ọjọ́ Kẹjọ ní Louisville

4.

...àti oyin. Kì í ṣe èyí tó wà nínú ike o, Màámi ní òun kò fẹ́ ẹ. Ti ọjà Bury ni kí n rà, ti baba tó ń sin oyin fúnra rẹ̀. Iyọ̀. Òrí. Bàtà tó rọrùn, nítorí afárá orí odò.

(Ìwé yìí ya lókè. Ìkìíní dé ìkẹta ti sọnù. Ẹ má bi mí bó ṣe sọnù.)

5.

Adéṣẹwà ló kọ ọ́. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Bury, ìlú kan ní England, ló ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò rẹ̀, Ìtẹ́olúwa, ń gbé ní Louisville, ìlú kan tí kò tóbi, tí kò sì kéré, létí odò Ohio ní Amẹ́ríkà. Ìtẹ́ lóyún, oyún àkọ́kọ́.

Ìyá wọn wà ní Abẹ́òkúta. Orúnkún kò jẹ́ kí ó lè rin ìrìn àjò. Ó ní Adéṣẹwà ni òun rán: òun ni kó gbé ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kó fi oyin kàn án lẹ́nu.

Orí fóònù ni Adéṣẹwà ti wo ìgbéyàwó Ìtẹ́. Ó wé gèlè, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ mú ìyàwó wọlé báyìí ni nẹ́tíwọ̀kì já. Ó ṣì ń dùn ún. Ó ti búra pé ti ọmọ yìí, ìṣojú òun ni wọn yóò ti ṣe é.

6.

OHUN TÍ MO FẸ́ ṢE NÍ LOUISVILLE

Kí n fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá. Kentucky lèèyàn ti ń gùn ún, Indiana ló ń bọ́ sí. Ìpínlẹ̀ méjì, láìwọ mọ́tò.

Kí n wo ọkọ̀ ojú omi tó ní kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí lẹ́yìn.

Ẹṣin tí wọ́n fi ń sáré ìje níbẹ̀. Láti òkèèrè.

Kí n wẹ̀ fún ọmọ.

(Ó fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ló mọ̀ ọ́n wẹ̀ fún. Kò fọwọ́ kan ọmọ tuntun rí nínú omi.)

7.

Sí Chloe, mánéjà: Mo ń tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà. Àbúrò mi fẹ́ bímọ.

Èsì: Approved. Lovely! C x

BURY: ỌJỌ́ KÌÍNÍ

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà. Aago mẹ́fà àárọ̀, nínú bọ́ọ̀sì.

ÌTẸ́OLÚWA: Àǹtí mi, mo ti bí o. Obìnrin. Kò dúró de date tí wọ́n fún wa.

Adéṣẹwà rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀. Ìka ló fi ń kà á. Ọjọ́ tí a bí ọmọ, a máa ń kà á mọ́ ọn. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹjọ.

Kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, Chloe ti fa ìsinmi rẹ̀ síwájú, Tamara, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ti gbà láti bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Yóò gbéra ní Manchester láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, yóò sì dé Louisville ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Yóò sùn. Ilẹ̀ yóò mọ́. Wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọrin fún gbogbo arúgbó tó wẹ̀ fún lọ́jọ́ náà.

ÀṢÌṢE

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí ọmọ ní Louisville. Aago méjì òru Ọjọ́rú ti lù ní Bury.

Ibi tí kálukú dúró sí ló ti ń kà. Gbogbo ẹnu ló ń sọ "ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ kẹjọ". Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọjọ́.

LOUISVILLE: ỌJỌ́ 5. BURY: ỌJỌ́ 4.

ÌSỌMỌLÓRÚKỌ
Ìdílé Akínbọ́lá àti Ìtẹ́olúwa ń pè yín.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀.
Ìrẹsì wà. Ẹ wá pẹ̀lú àdúrà.

LOUISVILLE: 5 ṢÌ NI. BURY: 4 ṢÌ NI.

(Ìpè fóònù, Àbámẹ́ta. Akínbọ́lá ni ọkọ Ìtẹ́.)

ADÉṢẸWÀ: Ten o'clock Tuesday, inú plane ni mo máa wà.

AKÍNBỌ́LÁ: Àǹtí, ẹ má bínú. Tuesday ló wà lórí paper tí hospital fún wa.

MÀÁMI: Wednesday ni wọ́n bí i níbí.

ADÉṢẸWÀ: Mo ti wo flight ti Monday. Ó ti kún.

AKÍNBỌ́LÁ: Pásítọ̀ ò sì ní sí ní town ní Wednesday.

MÀÁMI: Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká lo ìyẹn.

AKÍNBỌ́LÁ: Obìnrin ni, mà. Ọjọ́ keje ni tiwọn.

MÀÁMI: Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n gbìyànjú ni.

ADÉṢẸWÀ: Ìtẹ́, o ò sọ̀rọ̀.

ÌTẸ́OLÚWA: Mi ò fẹ́ kí ẹ tún wò ó lórí phone, Àǹtí mi.

 

Adéṣẹwà sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi iṣẹ́.

LOUISVILLE: 6. BURY: 5.

(Ohùn Màámi, Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.)

"Ẹ gbọ́ mi. Mo jókòó ti agogo, mo rò ó títí. Tó bá di aago méje ìrọ̀lẹ́ Tuesday lọ́dọ̀ yín, aago méjìlá òru á ti lù níbí, ó ti di Wednesday. Tiyín ò tíì tán, tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni níbẹ̀, ọjọ́ kẹjọ ni níbí. Ṣẹwà á sì ti dé. Ẹ sọ fún pásítọ̀."

Màámi kò kọjá ìwé mẹ́fà. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.

ÀTÚNṢE

Ìṣẹ́gun, aago méje ìrọ̀lẹ́. Pásítọ̀ ní ìrìn àjò, yóò kúrò ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé.

LOUISVILLE: 8. ABẸ́ÒKÚTA: 8.

Níbi tí Adéṣẹwà ti fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú kejì, òjò dá wọn dúró fún wákàtí kan àbọ̀. Aago mẹ́jọ ni ó balẹ̀. Ó tan fóònù. Gbogbo rẹ̀ já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà:

7:00 ÌTẸ́OLÚWA: Pásítọ̀ ti dé. Ọmọ ń mu ọmú.

7:19 ÌTẸ́OLÚWA: Ó ṣì ń mu.

7:34 AKÍNBỌ́LÁ: Àǹtí, níbo lẹ dé? Ìyàwó mi ti tilẹ̀kùn yàrá.

7:41 MÀÁMI: Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ọmú lẹ́nu ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Èèwọ̀ ni.

(A kò gbọ́ èèwọ̀ yìí rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀.)

7:52 ÌTẸ́OLÚWA: Mo ti gbé e sí ọmú kejì.

8:03 AKÍNBỌ́LÁ: Pásítọ̀ ti ń wo aago. Ẹ jọ̀ọ́, mà.

Ó sáré. Ó wọ takisí. Ó gbé oyin lé itan, ó sì ń fọ ìka rẹ̀ pẹ̀lú omi inú ike.

Awakọ̀ bi í bóyá ó ti wá sí Louisville rí. Ó ní odò náà wà lápá ọ̀tún, kó wò ó, ó dára lásìkò yìí. Adéṣẹwà ní òun yóò wò ó lọ́la. Ó bẹ̀ ẹ́ kó máa sáré.

8:21 ADÉṢẸWÀ: Ó ku títì méjì.

8:22 ÌTẸ́OLÚWA: Àǹtí mi, ó ti yó.