Ẹni Mẹ́ta Ló Ń Gba Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn. Inú àpótí pákó ló wà, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bí ewúrẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni Dókítà Ìbídùn fi ń kọ̀wé sí yunifásítì pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá ara, kó lè mọ ohun tó ń pa ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ó mà wá dé wẹ́rẹ́ báyìí! Ìbídùn ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn," ó gbé omi fún un. Ẹ̀rọ náà dúpẹ́, ó ní òun ò mu.

Bàbá Sítọ̀ tó ń tọ́jú ẹrù na ìwé sí i. "Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i ká tó ṣí àpótí, Dókítà. Bí oòrùn bá kan ẹnu ọ̀nà láìpé mẹ́ta, ẹ̀rọ ń padà síbi tó ti wá nìyẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ kan ò gbégbá dórí."

Ta ni kó pè? Ó wọ ọ́fíìsì Dókítà Kọ́látúbọ̀sún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Yàrá náà ti di odò tó tòrò, ẹ̀wù funfun tí ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́ jókòó sórí àga láàárín rẹ̀.

"Ọ̀gá mi ti wà ní Kánádà o," ni ẹ̀wù náà wí. "Ó ní òun á pè yín."

Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìjà, tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì ti kú, wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń ṣan ìgò bó ṣe máa ń ṣe. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá náà fọwọ́ sí ìwé kíákíá, àmọ́ omi lásán ló jáde lẹ́nu bírò.

"Má bínú, ọmọ mi," ló wí, ó sì ń ṣan ìgò rẹ̀ lọ.

Oòrùn ti dé àtẹ̀gùn. Ẹ gbọ́ ná, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ orúkọ tirẹ̀, ó fi òsì kọ ti Kọ́látúbọ̀sún, ó wá fi eyín mú bírò kọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ojú tì í, àmọ́ ó kọ ọ́. Bàbá Sítọ̀ wo ìwé náà, ó ní ó pé, ó ṣí àpótí.

Ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ka ìwé tí wọ́n fi gba òun. Àbùdá inú òógùn tó wà lára ìwé ló ń kà. Kíkà sì niṣẹ́ rẹ̀, kì í purọ́.

"Ìbídùn," ló wí nídìí orúkọ àkọ́kọ́. "Ìbídùn," nídìí ìkejì. "Ìbídùn."

Bàbá Sítọ̀ ò bínú. Ó kàn ti àpótí pa ni. Ẹ̀rọ náà bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń rìn lọ, ó ṣì ń pe orúkọ náà nínú pákó. Ó yẹ kí obìnrin náà sáré tẹ̀ lé e, kó bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kú, Dókítà ni gbogbo ayé ń pè é, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Ìbídùn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tó ń jẹ́ ẹ, "Òo. Òo," títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.