Ojú Bàbá Ràfíù

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Hàsíátù kó tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Ohun tó bá hàn sí i bó bá dijú ló ń yà sára ògiri ilé wọn ní Ìfọ̀nyìn, ṣùgbọ́n kì í ya ojú séèyàn lórí. Ẹ̀rù ojú ń bà á.

Ó wá ya Bàbá Ràfíù, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó yà á sínú oko ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin náà fi ń yọ sí i: “Fi ojú mi fún mi.”

Kí lòkú fẹ́ fojú wò? Síbẹ̀, ó ya ẹyinjú méjèèjì. Kò sọ fẹ́nì kan.

Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí Sìdíkátù ìyáálé rẹ̀, tójú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà, fi ọ̀pá wánà wọlé. Ó dúró lójijì, ó kúnlẹ̀ síwájú ògiri.

“Bàbá Ràfíù, ẹ káàbọ̀. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?”