Irin Ìdìmú Tòlótòló

3.

…wọ́n sì tún sún un síwájú. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ó di ìgbà òjò. Òjò rọ̀, ó dá, wọ́n ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, wọ́n ní ẹni tó ń bá wọn ṣe mọ́tò inú rẹ̀ ló já wọn kulẹ̀. Onígbàjámọ̀ ka ìtọrọ-àforíjì náà tán, ó gbé fóònù sórí pẹpẹ abẹ́ dígí, láàárín ìgò sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì. Ó gé irun oníbàárà dé ìpàkọ́. Ó tún gbé e. Kò sí ohun tuntun. Ó gé e dé etí. Ó tún gbé e.

“Ọ̀gá,” ni oníbàárà wí, “bóyá kí n kúkú bá yín di kílípà náà mú, kí ẹ lè ráyè.”

4.

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè rí ibi jókòó:

Ṣọ́ọ̀bù náà ní dígí gbọọrọ kan àti àga kan tí ń yí. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni yàrá kóńkó kan wà. Tábìlì ló kún inú rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Lórí tábìlì ni ojú irin tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ń sáré lórí rẹ̀, ó ń kọjá ibùdó, ó ń wọ inú òkè, ó ń jáde, ó ń yí po, kò dé ibì kankan, kò sì rẹ̀ ẹ́. Onígbàjámọ̀ ti ń kó irú wọn jọ láti ìgbà tí irùngbọ̀n òun fúnra rẹ̀ ṣì dúdú.

A kì í dédé rà wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwòṣe á kéde èyí tó wù wọ́n láti ṣe. Olùfẹ́ á forúkọ sílẹ̀. Iye orúkọ ni iye àwòṣe. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, àwòrán ni yóò máa wò. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, yóò dúró. Ó lè dúró títí yóò fi gbàgbé ohun tó ń dúró dè, kí páálí wá dé lọ́jọ́ kan bí ọmọ tí a kò retí mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ a máa wí pé kò sí ọkùnrin tí kì í lé ohun tí kò sí, ṣùgbọ́n ti òun nìkan ni wọ́n ń fún ní rìsíìtì.

5.

Èyí tó ń dúró dè lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀.

Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì arẹwà tí í fa èrò láti ìlú dé ìlú. Ẹ́ńjìnnì ọgbà rélùwéè ni: kúkúrú, onímú pẹlẹbẹ, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ti wágọ́ọ̀nù síwájú, kó máa fà wọ́n sẹ́yìn, títí wọn yóò fi tò. Tòlótòló ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí ohùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Onígbàjámọ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló wà á títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tòlótòló gan-an ti di irin yíyọ́. Ó lè ti di ìkòkò nílé ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe àwòṣe rẹ̀. Àbúrò fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, kó wo ojú rẹ̀ bí ó bá ti ń wò ó.

6.

Ojú Ẹ̀gbọ́n ń lọ.

6.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìríran rẹ̀ ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, bí ẹni ń wo ayé láti inú páìpù, tí páìpù náà sì ń tín-ín-rín sí i. Oògùn lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ẹ̀gbọ́n bi dókítà ojú pé ìgbà wo ni yóò tán. Dókítà ní òun kò lè dá àkókò fún un, nítorí bó bá dá a, irọ́ ni.

Rárá. Dókítà kàn mi orí ni. Ẹ̀gbọ́n ló fi ìyókù kún un, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, rélùwéè pàápàá kò sọ òótọ́ nípa àkókò rí.

7.

SÍ GBOGBO ẸNI TÓ FORÚKỌ SÍLẸ̀ FÚN Ẹ́ŃJÌNNÌ ỌGBÀ

Àwòrán àpẹẹrẹ tí a ti kùn ní ọ̀dà wà nísàlẹ̀ yìí.
Ẹni tó bá rí àléébù, kó kọ̀wé sí wa kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.
Bí kò bá sí àléébù, ọjà yóò jáde lóṣù tó ń bọ̀.
Bí a bá ní láti tún irin tí a ń da àwòṣe sínú rẹ̀ gbẹ́, kò lè jáde kí ọdún tó yípo.
A dúpẹ́ fún sùúrù yín.

8.

Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú. Imú pẹlẹbẹ: ó wà. Fìtílà iwájú: ó wà. Àwọn bóòtù tó dì í pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀wà tí a tò sórí àtẹ: wọ́n wà. Ó dé ibi ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí ni irin ìdìmú máa ń wà, èyí tí awakọ̀ fi ń fa ara rẹ̀ gòkè.

Irin náà wà lápá ọ̀tún.

Òsì ló yẹ kó wà.

9. *(láti inú ẹgbẹ́ àwọn olùkó-àwòṣe, lórí fóònù)*

FÈRÈ: Ẹ̀yin aka-bóòtù, mo fi ọmọ yín bẹ̀ yín. Ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ jẹ́ kó jáde.

FÈRÈ: Kí n tó gbéyàwó ni mo ti forúkọ sílẹ̀. Ìyàwó ti dé, ó ti bímọ, ọmọ ti ń fọwọ́ dí mi lẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì kò dé.

BABA WÁGỌ́Ọ̀NÙ: Mo wò ó, kò ní àbùkù.

FÈRÈ: Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ má tún un wò.

ONÍGBÀJÁMỌ̀ ń tẹ ọ̀rọ̀…

ONÍGBÀJÁMỌ̀ ń tẹ ọ̀rọ̀…

FÈRÈ: Onígbàjámọ̀, kí lẹ ń tẹ̀?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ kú ọjọ́ o.

10.

Ó fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló gbàgbé. Ó gba ilé Ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń gbọ́ rédíò.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ bá ń gun Tòlótòló, ọwọ́ wo lẹ fi ń di irin mú?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ tèmi ni.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Mo mọ̀. Èwo nínú méjèèjì?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o fẹ́ gun ún ni? Ó ti pẹ́ jù.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ òsì sí irin. Fìtílà ọwọ́ ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí o bá fi ọ̀tún dì í mú, wàá fi fìtílà gbá ilẹ̀kùn, ọ̀gá á sì gbá ọ.

Ó dìde. Kò wo ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó na ọwọ́ òsì, ọwọ́ náà sì padé lórí òfìfo, gẹ́lẹ́ ní gíga tó yẹ. Nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni awọ líle kan wà tí ọdún ìfẹ̀yìntì kò tíì mú rọ̀.

11.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpẹẹrẹ náà dára púpọ̀, àmọ́ irin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò rí àléébù kankan

Ẹ kú iṣẹ́ o.

12.

Ìyàwó Onígbàjámọ̀ ń ká aṣọ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí kò bèèrè.

ÌYÀWÓ: Irin tó tó eyín eku. Òun ló ń gba oorun lójú yín?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ìyá wọn, kì í ṣe títóbi rẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ojú ẹ̀gbọ́n yín kò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ń gbẹ́ irin. Bó bá fẹ́ lọ, yóò lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wá lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n rí i.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Wọ́n á rí i. Inú páìpù ni wọ́n ti ń wò, àwọ̀ àti imú rẹ̀ ni wọ́n máa rí, inú wọn á dùn. Wọn ò tiẹ̀ ní rí ibi tí irin wà.

ÌYÀWÓ: Ó parí nìyẹn.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kò parí. Tí ojú bá wá lọ tán, kí ni wọ́n máa fi wò ó? Ìka ni. Ìka wọn á rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa mọ̀ pé mo gbé Tòlótòló ẹlòmíràn fún wọn.

ÌYÀWÓ: Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tún un ṣe.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kó wá pé, kí Ẹ̀gbọ́n má sì fojú rí i láéláé?

Ìyàwó gbé aṣọ tó ká sílẹ̀.

ÌYÀWÓ: Bàbá àwọn ọmọ, ológbò tó ń lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Eku kan náà ni.

ÌYÀWÓ: Ẹ gbá ìdí ibẹ̀ yẹn mú kí n ká a.

Ó di ìdí aṣọ mú. Wọ́n jọ ká a.

13.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Ó ń fá irùngbọ̀n olùkọ́ kan. Ó fi abẹ sílẹ̀, ó nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmí: irin ìdìmú, òsì ni, kì í ṣe ọ̀tún. Ó fi ránṣẹ́.

Ó gbé abẹ. Ó fi í sílẹ̀.

Ó tún kọ òmíràn: *Ẹ má ka èyí tó ṣáájú sí.*

Ó fi ránṣẹ́.

Olùkọ́ jókòó, ìdajì àgbọ̀n rẹ̀ funfun fún ọṣẹ. “Ṣé kí n máa lọ báyìí ni?”

14.

SÍ ONÍGBÀJÁMỌ̀

A gba lẹ́tà yín méjèèjì. A kà wọ́n sí.

A wo àwọn fọ́tò àtijọ́. Òótọ́ lẹ sọ. Ní ọgbà rélùwéè ìlú yín nìkan ni wọ́n ti ṣí irin náà kúrò lápá ọ̀tún lọ sí òsì. Ẹlòmíràn kò kọ̀wé nípa rẹ̀. Nítorí náà, a kò ní dá gbogbo ọjà dúró. Èyí tó wà nílẹ̀ yóò jáde lóṣù tó ń bọ̀. A ó sì da ìwọ̀nba díẹ̀ tó ní irin lápá òsì. Ìyẹn yóò dé nígbà tí ọdún bá yípo.

Ẹnìkan, ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó lè gba méjèèjì. Bí ẹ bá ti tẹ ìdáhùn, kò sí àyípadà. Ilẹ̀kùn yóò tì lónìí.

☐ Kó wá báyìí, bó ṣe wà.

☐ Ẹ bá mi tún un ṣe; màá dúró.

15.

Bóyá ọwọ́ yóò ṣàṣìṣe. Bóyá ìka àgbàlagbà yóò gbàgbé. Kò gbàgbọ́. Ó rí ọwọ́ náà bó ṣe padé lórí òfìfo.

16.

Ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni Ẹ̀gbọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹsẹ̀ wá àga, ó jókòó. Onígbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó gé apá ọ̀tún. Fóònù ń gbọ̀n lórí pẹpẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Nǹkan yẹn ní ibà.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n.

Ẹ̀GBỌ́N: Kà á. Ẹni tó bá ń fi irin rìn létí mi, mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ilé-iṣẹ́ ló tún fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ó kà á. Ó ka fọ́tò àtijọ́, ó ka ọgbà, ó ka “a dúpẹ́ fún sùúrù yín” tí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: O fo nǹkan.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kí ni mo fò?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi kọ́ ni màá sọ. Ohùn rẹ gun òkè, mi ò gbọ́ ibi tó ti sọ̀.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò lásán ni, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò. Ẹni tó rìn wá sílé mi, tó bi mí ní ọwọ́ tí mo fi ń gun ẹ́ńjìnnì, ṣé irun ló fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ gé?

Onígbàjámọ̀ pa kílípà.

Ó tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé pupa ni wọ́n kùn ún?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Pupa ni, bíi ti ìgbà náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọjọ́ kan ṣoṣo ló pupa, ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́ de àlejò. Ìyókù, àwọ̀ gírísì ni.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú lẹ fẹ́ fi rí i ni, àbí ọwọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ ńkọ́? Èwo lo fẹ́ kí n fi rí i?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Méjèèjì.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn yẹn ti ní kò sí. Gbé e wá.

Ó gba fóònù. Ó gbé e sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì, ó fà á mọ́ra, ó tì í jìnnà, títí ó fi bọ́ sínú páìpù ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ètè rẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ nípọn. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó bo àpótí méjèèjì.

Ó tẹ̀ ẹ́.

A TI GBA ÌDÁHÙN YÍN. KÒ SÍ ÀYÍPADÀ MỌ́.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Èwo lẹ tẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tó wù mí.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Èwo ló wù yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìdajì orí mi ṣì wà níbẹ̀. Gé e.

17.

Oṣù tí ilé-iṣẹ́ dá fún èyí tó wà nílẹ̀ wọlé lónìí. Títí di báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, irun ló wá gé; kò tíì sí ẹni tó gbé páálí wá.