Àpò Iyanrìn Tó Jókòó Lé Mi Láyà

Rábì ọ̀rẹ́ mi, jókòó kí o gbọ́ àlá tí mo lá. O mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ mi ń kọ́ ìjàkadì àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kò sì ríbi kọ́ ọ nílùú yìí àfi yàrá tí mo ti ń yan gàrí. Àpò iyanrìn tó so kọ́ síbẹ̀ ló máa ń lù.

Lójú àlá, àpò náà já bọ́, ó yọ apá méjì, ó gbé mi ṣánlẹ̀, ó wá rọra jókòó lé mi láyà. Ó gbóná bíi gàrí orí iná.

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ìyá àgbà, ẹ fọwọ́ lu ilẹ̀, á fi yín sílẹ̀!" Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tó bá lu ilẹ̀ ti gbà pé wọ́n dá òun.

Mo bi àpò, "Tí mo bá lu ilẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Yàrá yìí di tèmi. Kí ọmọ yín wábi gbà."

Níbo? Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí mi, kí wọ́n má baà lu ilẹ̀. Ògiri ń sún mọ́ wa, àpò ń wúwo sí i, Àbẹ̀kẹ́ ń sunkún.

Mo ní, "Kí lò ń wò? Ṣebí àpò tó o máa ń lù náà nìyí!"

Àbẹ̀kẹ́ di ẹ̀ṣẹ́, mo bá jí. Ọwọ́ mi ṣì wà lábẹ́ ìdí, ó ti kú.