Odessa Kò Na Ìka Sókè

Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa aláwọ̀ dúdú ní Mẹ́mfísì, lÁmẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ jáde nígbà tí ìsìn ń lọ á na ìka kan sókè, á tẹrí ba: ẹ forí jì mí, mò ń kọjá. Odessa ọ̀rẹ́ mi kì í gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n wá pè é jáde pé ọlọ́pàá ti yìnbọn pa Lavelle ọmọ rẹ̀, ìka yẹn ló nà títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Àwo oúnjẹ ni Lavelle gbé dání, adìyẹ díndín tí ìyá rẹ̀ fi fọ́ìlì bò, tó ń gbé lọ fún arúgbó kan tára rẹ̀ ò yá. Ọlọ́pàá òyìnbó náà ní òun rí nǹkan tó ń dán, ẹ̀rù ba òun. Adájọ́ ní kó máa lọ sílé.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, Ọ̀gbẹ́ni Whitcomb gbé kámẹ́rà dé. Ó jókòó ní kíṣìnnì Odessa, ó jẹ kéèkì rẹ̀, ó sunkún díẹ̀. Ajẹnifẹ́ni! Ó ní òun á fi fíìmù sọ ìtàn Lavelle fáyé gbọ́, kí Odessa ṣáà dìde níwájú àwọn oníròyìn lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi hàn, kó ní òun fọwọ́ sí i. Odessa gbà. Káyé mọ̀ pé oúnjẹ lọmọ òun gbé dání, kò wá ju ìyẹn lọ.

Àwa ìyá ìjọ mọ́kànlá la bá a lọ wo fíìmù náà, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ ọdún Àjíǹde lórí. Wákàtí kan gbáko, ọlọ́pàá ló ń sunkún nínú fíìmù. Ó sunkún nínú mọ́tò, ó sunkún ní balùwẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń bá a nujú. Lavelle ò sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Nígbà tó wá jáde sí títì, nǹkan dúdú kan ló nà síwájú.

"Àwo ọmọ mi dà?" ni Odessa bi Whitcomb tó jókòó tì í.

"A yí i padà díẹ̀ ni, mà. Àwo oúnjẹ ò lè dẹ́rù ba èèyàn. Ó yẹ kí òǹwòran mọ ohun tó ba ọlọ́pàá náà lẹ́rù."

"Àwo náà kúkú ló bà á lẹ́rù, ọ̀gbẹ́ni! Àwo adìyẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, àwọn oníròyìn ń dúró dè yín."

Odessa dìde. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gbéra sókè bó ṣe ń ṣe láti ogójì ọdún. Ó wo ọwọ́ náà, ó tì í bọ àpò. Ó nàró ṣánṣán, ó gba iwájú gbogbo wọn kọjá, òjìji àkẹtẹ̀ rẹ̀ sì bo ojú ọlọ́pàá tó ń sunkún nínú fíìmù. Àwa mọ́kànlá tẹ̀ lé e. Ẹnì kankan ò na ìka.

Whitcomb fà mí láṣọ, ó ń béèrè bóyá ilé ìtọ̀ la ń lọ.

Mo ní, "Ẹ máa bá ẹkún yín lọ."