Ẹsẹ̀ Tí Ó Gbóná

Ilé ẹṣin náà kò ní òrùlé mọ́, síbẹ̀ oòrùn kò wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tí ó máa ń le, tí òkúta wẹ́wẹ́ kún, ti di iyanrìn odò, ó funfun, ó rọ̀, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Láàárín iyanrìn yìí ni Àsímáwù ti rí Múdàṣírù ọkọ rẹ̀ tí ó jókòó lórí àpótí. Ó mọ̀ pé Múdàṣírù ti kú. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e jáde nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á.

Ẹṣin pupa wọn dúró tì í. Múdàṣírù gbé ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin náà lé itan, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré yọ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ pátákò, díẹ̀díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀ kí ó tó mu ẹ̀kọ.

"Bàbá Ṣẹ́rífá, ẹ káàbọ̀," ni Àsímáwù wí jẹ́ẹ́.

"Ìyá Ṣẹ́rífá. Sún mọ́ mi."

"Ẹsẹ̀ ń dun ẹṣin yìí. Ẹ ní kí wọ́n yọ bàtà irin rẹ̀ torí ìṣó ń la pátákò, àmọ́ ó ti wá ń tiro báyìí. Yékínì àbúrò yín ní àwọn máa kan irin náà padà lónìí. Ó ní tí kò bá tún rìn, òun á tà á."

Múdàṣírù mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé pátákò náà. Ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gbé e lé ti ẹsẹ̀ kejì. Ìyẹn tutù.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

Ó rọra gbé ẹsẹ̀ ẹṣin náà sílẹ̀, bí ẹni tí ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Àsímáwù fẹ́ bi í bóyá ibi tí ó wà dára. Kí ó tó la ẹnu, ó gbọ́ ìró irin.

Alágbẹ̀dẹ ló ń da irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lágbàlá. Àsímáwù dìde lórí ẹní, ó sáré jáde láìwé gèlè. Yékínì ti di ìjánu ẹṣin mú.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ dúró."

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká ṣe é tán."

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, oúnjẹ nìkan ló ń gbé síwájú ẹṣin yẹn. Kò fọwọ́ kàn án rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, ó fọwọ́ bo pátákò kan, ó fọwọ́ bo èkejì.

"Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ bà á."

Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ fọwọ́ bà á. Ó mi orí. "Ọyún ló wà níbẹ̀. Ká ní mo kan irin bò ó ni, á jẹrà wọnú. Ẹ gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ wá. Tí ọyún bá ti jáde, kí ó máa rìn lórí ilẹ̀ rírọ̀ títí pátákò náà á fi le."

Wọ́n ki ẹsẹ̀ náà bọ inú bàsíà. Nígbà tó yá, ọyún dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹṣin náà sì mí kanlẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín ní èyí?" ni Yékínì béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n yín ni."

"Nígbà wo?"

"Lónìí, nígbà tí mo sùn."

Yékínì kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, ó ń wo ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé ara ẹ̀gbọ́n mi yá?"

"Ara wọn yá," ni Àsímáwù wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.