Iná Tí Kò Gbọdọ̀ Kú

Nínú ilé Ràmọ́tà, iná kì í kú lórí ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé e wọlé títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, fìtílà gbọ́dọ̀ máa jó nínú yàrá rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìyá Ràmọ́tà ṣe é fún un, Ràmọ́tà náà ṣe é fún ọmọ mẹ́rin. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fojú fo àṣà yìí ni ìgbà tí Hanifah, ìyàwó Mukhtar ọmọ rẹ̀, bí àkọ́bí. Ikọ́ mú ọmọ náà lọ kó tó pé oṣù méjì. Dókítà ní òtútù àyà ni. Ràmọ́tà gbọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó mọ̀.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi wá òmíràn. Nígbà tí Hanifah wá bí ọkùnrin lọ́jọ́ Àìkú, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, wọ́n sì dá wọn padà sílé lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ̀ dáadáa. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá. Mukhtar, tó ń ṣe iṣẹ́ sólà l'Ékòó, ní kò sí fìtílà lọ́tẹ̀ yìí, èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà ọmọ. Dípò rẹ̀, ó ra iná kan wálé tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn inú afẹ́fẹ́, nítorí àlejò tó ń wá kí ìyá ọmọ pọ̀, ta ló sì mọ ẹni tó ń wúkọ́ nínú wọn? Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá Ràmọ́tà, níbi tí ọmọ ń sùn kí ìyá rẹ̀ lè rójú sinmi ní yàrá iwájú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́," ni Mukhtar wí. "Bí ẹ bá fẹ́ tàn án, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ jáde. Kí ẹ̀yin náà jáde, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Tó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ṣílẹ̀kùn, á kú fúnra rẹ̀, ìgbà náà lẹ tó lè wọlé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dára fún ojú, kò dára fún ara."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ wo ojú kékeré tó wà níwájú rẹ̀ yìí. Ó ń ṣọ́ èèyàn ni. Bó bá ti rí ẹni tó ń rìn, á pa iná náà kíá."

"Mo ní mo ti gbọ́, Mukhtar. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ ló gbọ́, kò gbà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n àgbà náà ló máa kọ́kọ́ gba ọgbọ́n ọ̀hún mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mukhtar ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò. Gílóòbù yàrá kú. Iná Mukhtar nìkan ló ní bátìrì. Ràmọ́tà wo ọmọ tó ń sùn, ó ní òun ò ní jẹ́ kó wà nínú òkùnkùn. Ó tẹ iná náà, ìmọ́lẹ̀ tó dà bí omi aró sì bo ara ògiri. Ó yí padà láti tún aṣọ ọmọ ṣe, ni iná bá kú. Ó tún un tẹ̀, ó tún kú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ìgbà mẹ́ta ni iná kú lórí ọmọ yìí! Ó rántí àkọ́bí, ọkàn rẹ̀ sì dàrú.

Ó wá pílásítà tó ṣẹ́ kù lára èyí tí wọ́n fi ń di ojú abẹ Hanifah, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kékeré náà. Ó tẹ iná. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Iná ò kú mọ́.

"Alhamdulillahi," ni Ràmọ́tà wí, ó sì jókòó ti ọmọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú ń ta Ràmọ́tà bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Ó rántí Bísí, ọ̀kan nínú àwọn àlejò, tó wá láti Ayépé lọ́jọ́ Ajé, tó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Àpólò, àrùn ojú tó ń ràn, ni obìnrin yìí gbé wá bá wọn! Ẹ̀rù ọmọ bà á. Bí iná bá ń pa àrùn, kí ló tún kù? Ó sọ iná náà kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sórí àpótí létí ibùsùn, ó dojú rẹ̀ kọ ọmọ.

"Màámi, ojú ọmọ yìí mà pọ́n," ni Hanifah wí nígbà tó ń fún un lọ́mú.

"Pípọ́n ni ọmọ tuntun máa ń pọ́n."

Hanifah kò lè bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ẹkún ọmọ náà kò dá mọ́, kò sì lajú.

Mukhtar dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá, ó dúró, ó ń retí kí iná kú. Iná ò kú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ó ju ọwọ́. Iná ń tàn sí ọmọ lójú. Ó fò mọ́ iná náà, ó pa á, ìka rẹ̀ sì kan pílásítà.

"Ta ló lẹ èyí mọ́ ọn?"

"Èmi ni," ni Ràmọ́tà wí. "Ó ń kú lórí ọmọ."

Mukhtar gbé ọmọ, ó sì sáré lọ síbi ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà yẹ ọmọ wò, ó yẹ ìyá àgbà náà wò.

"Àpólò kọ́," ló wí. "Iná yẹn ló jó yín lójú. Tiyín á san láàárín ọjọ́ méjì, Ìyá. Ti ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, mi ò lè ṣèlérí. A máa bo ojú rẹ̀, ọjọ́ Àìkú la máa ṣí i wò. Títí di ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ kàn án. Inú òkùnkùn ni kó wà."

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí wọn ì bá sọ ọ́ lórúkọ.

Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé ti fi òwú funfun bo ojú ọmọ, ó sì ti fa aṣọ fèrèsé. Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ràmọ́tà ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Màámi, ẹ bá mi pa iná," ni nọ́ọ̀sì náà wí.

Ràmọ́tà gbé ọwọ́ lé ibi tí wọ́n ti ń pa á. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì mọ èwo ni ẹkún nínú rẹ̀, èwo ni àìsàn. Ó pa iná.

Nínú òkùnkùn, ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì sùn lọ.